Ẹkún Ẹnu Ọ̀sà Èkó

Ẹnu ọ̀sà Èkó, ìwọ ni mo ń sunkún. Ìwọ ilẹ̀ ṣóńṣó tí ń bẹ níbi tí ọ̀sà ti ń wọ òkun, tí o kò sùn, tí o kò wo, tí ọkọ̀ ń gba iwájú rẹ wọlé, tí ọkọ̀ ń gba iwájú rẹ jáde, tí ẹnikẹ́ni kì í dúró kí ọ. Ilẹ̀ méjì ni ọ́. Ọ̀kan wà lápá ìwọ̀-oòrùn, ọ̀kan wà lápá ìlà-oòrùn, omi ló la àárín yín. Ẹ ń wo ara yín lójú, ẹ kò lè di ọwọ́ ara yín mú.

Omi wo ni kì í tọ̀ ọ́ wá? Ògùn ṣẹ̀ lókè lọ́hùn-ún, ó gba Abẹ́òkúta, ó wá bá ọ. Ọ̀ṣun gba Òṣogbo, ó gba ọ̀sà Lẹ́kí, ó wá bá ọ. Yewa náà kò gbẹ́yìn. Omi tí ìyàwó fi fọ aṣọ ọkọ, omi tí aláró fi ṣan àdìrẹ, omi tí wọ́n fi wẹ òkú, ọ̀dọ̀ rẹ ni gbogbo wọn ń bọ̀, nítorí pé ní òjò ní ẹ̀ẹ̀rùn, ọ̀nà mìíràn kò sí tí ọ̀sà Èkó ń gbà já sókun. Ẹnu kan ṣoṣo ni. Ẹnu kan ṣoṣo ló ń gba oúnjẹ wọlé fún odindi ilẹ̀, ẹnu kan náà ni wọ́n sì gbà kó wa jáde.

Láyé àtijọ́, kò sí òkúta lẹ́nu rẹ. Iyanrìn ni. Iyanrìn tó dábùú ọ̀nà lábẹ́ omi, tí í ṣí lónìí, tí í dí lọ́la. Ìgbì a fọ́ lé e lórí, a funfun láti òkèèrè. Àjèjì tó bá fojú di í, orí iyanrìn ni ọkọ̀ rẹ̀ yóò jókòó sí. Àwọn atukọ̀ tó mọ̀ ọ́n nìkan ló mọ ibi tí wọn yóò gbà: wọn a ka ìgbì, wọn a jẹ́ kí èyí tó ga kọjá, wọn a dúró de èyí tó rẹlẹ̀, wọn a wá ki àjẹ̀ bọ omi lẹ́ẹ̀kan náà. Ìdènà yẹn ni ì bá gbà wá. Kò gbà wá.

Ní ọjọ́ 7 oṣù kẹrin ọdún 1822, ọmọkùnrin kan gba iwájú rẹ kọjá. Àjàyí ni wọ́n ń pè é, ọmọ Òṣógùn. Ogun ti kó ìlú rẹ̀ ní ọdún tó ṣáájú. Wọ́n tà á, wọ́n tún un tà. Wọ́n fi í pààrọ̀ ẹṣin nígbà kan, ẹṣin náà kò tẹ́ ẹni tó gbà á lọ́rùn, ni wọ́n bá dá ọmọ padà. Ó dé Èkó, ó bá ẹ̀wọ̀n níbẹ̀. Nígbà tó dàgbà, ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé ẹ̀wọ̀n kan náà ni wọ́n fi so ọmọdé àti àgbàlagbà pọ̀ lọ́rùn. Bí inú bá bí àgbà, tó bá fi agbára fa ẹ̀wọ̀n náà, ọrùn ọmọdé ló ń bó. Ẹ jẹ́ kí n tún un sọ. Ọrùn ọmọdé ló ń bó.

Alẹ́ ọjọ́ tí wọ́n kó o sínú ọkọ̀ àwọn Potogí náà ni ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì mú wọn lójú omi, tí wọ́n sì gbé e lọ sí Sàró. Ó di Samuel Àjàyí Crowther, ó di bíṣọ́ọ̀bù ní 1864, òun náà ló ṣáájú iṣẹ́ ìtumọ̀ Bíbélì sí èdè wa. Gbogbo wa la mọ ìtàn yẹn, a sì fẹ́ràn láti máa sọ ọ́ nítorí pé ó dùn ún gbọ́. Ẹkún mi kì í ṣe ti Àjàyí. Àwọn tí ọkọ̀ ogun kò bá pàdé ni mo ń sunkún. Ọmọ Ọ̀yọ́ tó gba ibí lọ, tí a kò gbúròó rẹ̀ mọ́. Ọmọ Ẹ̀gbá tó gba ibí lọ, tí ìyá rẹ̀ ń dá oúnjẹ rẹ̀ sí. Ẹni tó dé Bahia. Ẹni tó dé Kúbà. Ẹni tí kò dé ibì kankan, tó jẹ́ pé inú agbami ni ilé rẹ̀.

Ní Regla, létí èbúté Havana, ní ọjọ́ 7 oṣù kẹsàn-án lọ́dọọdún, àwọn ọmọ ọmọ wọn a wọ aṣọ búlúù, wọn a wá kí Yemọja. Ní Rio Vermelho ní Salvador, ní ọjọ́ 2 oṣù kejì, wọn a to òdòdó àti lọ́fínńdà sínú agbọ̀n, ọkọ̀ apẹja a gbé e lọ fún un lójú òkun. Ẹnu èbúté ni wọ́n ti kó wọn ní ilé, ẹnu èbúté ni wọ́n ti ń ké pe ìyá wọn ní àjò. Ẹnu ọ̀sà, ṣé o ń gbọ́ wọn? Àwa tó kù nílé, ọjọ́ wo la yà sọ́tọ̀ láti dá wọn lóhùn?

Ẹ̀yìn ìyẹn ni ìbọn dé. Ní oṣù kọkànlá ọdún 1851, Beecroft, kọ́ńsùlù ìjọba Gẹ̀ẹ́sì, kó ọmọ ogun gba ẹnu rẹ wọlé pẹ̀lú àsíá funfun lókè. Àwọn èèyàn Kòsọ́kọ́, ọba Èkó nígbà náà, lé wọn padà. Kérésì kọjá tán, wọ́n tún dé, ní ọjọ́ 26 àti 27 oṣù kejìlá. Ọkọ̀ Bloodhound dé, ọkọ̀ Teaser dé. Teaser gúnlẹ̀ sórí iyanrìn, kò lè lọ síwájú, kò lè padà sẹ́yìn, ìbọn Èkó sì ń ró lé e lórí. Iyanrìn gbìyànjú. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n nígbà tí ilẹ̀ mọ́, rọ́kẹ́ẹ̀tì bẹ̀rẹ̀ sí í bọ́ sórí ilé, àká ẹ̀tù Kòsọ́kọ́ bú gbàù, iná ń gba ilé dé ilé. Kòsọ́kọ́ sá gba ọ̀nà Ìjẹ̀bú lọ, ó sì tẹ̀dó sí Ẹ̀pẹ́. Akíntóyè, ọba tó wà níbẹ̀ ṣáájú rẹ̀, padà sórí oyè. Kí ọdún mẹ́wàá tó pé, ní ọjọ́ 6 oṣù kẹjọ ọdún 1861, Dòsùnmú ọmọ Akíntóyè fi ọwọ́ sí ìwé tó sọ Èkó di ti ọbabìnrin Gẹ̀ẹ́sì. Ọkọ̀ ogun Prometheus wà lórí ọ̀sà lọ́jọ́ náà, ó kọ ẹnu ìbọn sí ìlú.

Wọ́n ní òwò ẹrú làwọn wá dá dúró. Irọ́ kọ́. Òwò náà ń bẹ, Kòsọ́kọ́ sì ń jẹ nínú rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ní òun wá bá wa paná, tó paná tán, tó wá gba kọ́kọ́rọ́ ilé lọ́wọ́ wa, orúkọ wo la ó máa pè é?

Orúkọ ni mo dárúkọ yìí. Ilé là ń wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ilẹ̀ apá ìwọ̀-oòrùn ẹnu ọ̀sà, Beecroft Point ni wọ́n sọ ọ́. Ilé wo ni wọ́n wò? Ilé tí wọ́n jó. Ilẹ̀ apá kejì di Wilmot Point, orúkọ àtòkèèrè-wá bíi ti ẹnìkejì rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ni ilẹ̀, ẹ̀yin Ìdẹjọ onífìlà funfun, ẹ kò sí níbi ìsọmọlórúkọ náà.

Òyìnbó gba ìlú tán, iyanrìn kò jẹ́ kó gba èbúté. Ọkọ̀ ńlá láti Liverpool kò lè wọlé. Forcados, lọ́hùn-ún lẹ́nu Odò Ọya, ni wọ́n ń já ẹrù Èkó sí, kí ọkọ̀ kéékèèké tó lọ rù ú bọ̀. Èrò tó bá fẹ́ sọ̀ lójú agbami, inú àpótí onígi ni yóò jókòó sí. Ẹ̀rọ a fi okùn gbé àpótí náà sókè, yóò máa mì légbé-légbé lókè omi, wọn a wá sọ̀ ọ́ kalẹ̀ sínú ọkọ̀ tí ìgbì ń gbé jó nísàlẹ̀. Adájọ́ jókòó sínú rẹ̀, ìyàwó gómìnà jókòó sínú rẹ̀, ẹ̀rù kan náà ló ń ba gbogbo wọn. Mo gbà pé ọjọ́ tí ìgbì bá da omi sí aṣọ òyìnbó lára ni inú iyanrìn ń dùn jù.

Inú iyanrìn kò dùn pẹ́. Ní 1907, ọkọ̀ agbẹ́yanrìn tí wọ́n fi orúkọ Gómìnà Egerton pè bẹ̀rẹ̀ sí í gbẹ́ ọ̀nà. Láti 1908 títí wọ 1912, wọ́n ń da òkúta sínú òkun, ògiri kan lápá ìlà-oòrùn, ògiri kan lápá ìwọ̀-oòrùn, East Mole àti West Mole. Aro l'Abẹ́òkúta ni wọ́n ti fọ́ òkúta náà, rélùwéè ló rù ú wá. Òkúta Ẹ̀gbá, ẹni àgbàbọ́! O kúrò lábẹ́ òkè tó dáàbò bo àwọn tí ogun lé, o wá ń ṣe adènà níwájú òkun tí kò ṣẹ̀ ọ́. Ní 1914, ọkọ̀ Akoko wọlé láti ojú agbami tààrà. Ìlú yọ̀. Ó tọ́ kí ìlú yọ̀, nítorí pé ọjọ́ yẹn ni Èkó di èbúté, gbogbo ohun tí Apapa ń jẹ títí dòní, ibẹ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ wá gbọ́ ohun tí wọ́n ṣe fún iyanrìn.

Iyanrìn etíkun wa kì í jókòó. Ìgbì tó ń bọ̀ láti gúúsù ìwọ̀-oòrùn kì í fojú kan ilẹ̀ tààrà, ẹ̀gbẹ́ ló fi ń kọlù ú. Bó bá ti kọlù ú, a gbé iyanrìn díẹ̀ síwájú, a tún padà wá gbé díẹ̀. Báyìí ni iyanrìn ṣe ń rin ìrìn àjò láti ọ̀nà Kútọnu, ó gba Badagry, ó ń kọjá lọ sí ìlà-oòrùn, tọ̀sán-tòru, láìsí ọjọ́ ìsinmi. Kí ògiri tó dé, yóò dé ẹnu ọ̀sà, yóò ṣe òkìtì rẹ̀ lábẹ́ omi, yóò sì gba orí òkìtì náà kọjá lọ bọ́ ilẹ̀ òdìkejì. Òkìtì tí atukọ̀ ń ṣépè fún yẹn, afárá iyanrìn ni. Òun ni iyanrìn fi ń ré odò kọjá.

Wọ́n fọ́ afárá, wọ́n mọ ògiri sí i. Iyanrìn dé ẹ̀yìn West Mole, kò rí ọ̀nà, ó jókòó síbẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀, òmíràn dé, ó jókòó. Ilẹ̀ ìwọ̀-oòrùn ń sanra. Ẹ lọ wo Lighthouse Beach, ẹ wo bí òkun ti jìnnà sí ilé iná tí wọ́n fi ń tọ́ ọkọ̀ sọ́nà. Ní inú ògiri náà, omi pa rọ́rọ́, etíkun tuntun yọ, òun là ń pè ní Tarkwa Bay. Ní ìlà-oòrùn, ìgbì dé bó ti máa ń dé, ó wá iyanrìn tí yóò gbé, kò rí èyí tó ń bọ̀ láti ẹ̀yìn, ni ó bá bẹ̀rẹ̀ sí í bu ilẹ̀ jẹ. Láti 1900 sí 1959, ilẹ̀ tó lé ní kìlómítà kan ló lọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ East Mole. Kìlómítà kan! Ibi tí bàbá gbé àwọ̀n sá, ọmọ kò bá a.

Nígbà tí ìjọba gba ilẹ̀ Apapa nítorí èbúté kan náà, Amodu Tijani, Olóyè Olúwa, pe ẹjọ́. Herbert Macaulay bá a lọ sí Lọ́ńdọ̀nù ní 1920, wọ́n sì dá a láre ní 1921. Ilẹ̀ Apapa ní ẹni tó gbẹnu sọ fún un. Etíkun ìlà-oòrùn kò ní.

Ó ṣì dùn, síbẹ̀síbẹ̀. Bar Beach, etíkun ìlà-oòrùn náà, dùn, ẹ̀yin tí ẹ bá a láyé. Ọjọ́ Ajé Àjíǹde, ẹsẹ̀ kò gbèrò. Ẹlẹ́ṣin ń fa ẹṣin kiri, ọmọ ń bẹ bàbá kó gbé òun gùn ún. Alágbọn ń fi àdá bẹ́ orí àgbọn. Ní òru ọjọ́ Ẹtì, àwọn aláṣọ funfun a dé láìwọ bàtà, pẹ̀lú àbẹ́là, pẹ̀lú agogo, wọn a tẹ́ ẹsẹ̀ sómi, ohùn wọn a sì máa bá ìgbì díje. Àgàn ti sunkún níbẹ̀. Ẹni tí iṣẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ti sunkún níbẹ̀. Mo mọ̀ pé àwọn kan ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ibi tí wọ́n ti kó èèyàn lọ láìdágbére, bí àdúrà bá gbóná níbẹ̀, kò yà mí lẹ́nu.

Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti yìnbọn pa èèyàn. Ní ọjọ́ 8 oṣù kẹsàn-án ọdún 1971, wọ́n so Ìṣọ̀lá Oyènúsì àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ mọ́ òpó létí òkun, níṣojú ọ̀pọ̀ ẹgbẹẹgbẹ̀rún èèyàn. Adigunjalè ni Oyènúsì, ó ti fi ojú ọ̀pọ̀ ilé rí màbo, n kò bá a sunkún. Ẹnu ọ̀sà ni mo bá sunkún, tí wọ́n sọ di ojú agbo. Àwọn ìyá gbé ọmọ pọ̀n wá wòran. Ariwo sọ bí ìbọn ti dún. Lẹ́yìn náà, èrò túká, wọ́n ra àgbọn, wọ́n lọ ilé.

Òkun kò túká ní tirẹ̀. Ó ń jẹ bọ̀. Ní 1974 sí 1975, ìjọba da iyanrìn mítà onígun mẹ́ta mílíọ̀nù mẹ́ta sí Bar Beach. Òkun jẹ ẹ́. Wọ́n tún dà á ní 1981. Ó jẹ ẹ́. Ní 1990 sí 1991, wọ́n da mílíọ̀nù márùn-ún. Ó jẹ ẹ́. Títì Ahmadu Bello di odò, ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ń léfòó. Ní ọdún 1990 yẹn kan náà, ní oṣù keje, ìjọba ológun gbé katakata wọ àdúgbò Maroko, wọ́n wó ilé mọ́ àwọn èèyàn tí wọ́n ní wọ́n tó ọ̀kẹ́ mẹ́ẹ̀ẹ́dógún lórí. Ara ohun tí wọ́n sọ ni pé ilẹ̀ Maroko rẹlẹ̀ ju òkun lọ, pé omi yóò gbé wọn. Ẹ lọ wo Maroko lónìí. Ilé olówó ló wà níbẹ̀, gèétì gíga, jẹnẹrétọ̀ ń dún. Omi kò gbé wọn.

Ní oṣù kẹjọ ọdún 2012, ìgbì ya wọ etíkun Kuramo, ó gbé àwọn tó ń gbé inú ahéré orí iyanrìn lọ. Ìjọba wá wó ahéré tó kù. Nígbà yẹn, iṣẹ́ Eko Atlantic ti ń lọ, ìlú tuntun tí wọ́n fi iyanrìn inú òkun tẹ́ sórí ibi tí Bar Beach wà rí, kìlómítà mẹ́wàá níbùú-lóròó, pẹ̀lú ògiri tí wọ́n ní yóò gùn tó kìlómítà 8.5, tí wọ́n fi òkìtì kọnkéré tí ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn wúwo tó tọ́ọ̀nù márùn-ún dí lójú. Ògiri náà dúró. Mo gbà bẹ́ẹ̀, Ahmadu Bello Way ti sinmi omi òkun. Ṣùgbọ́n ìwà òkun kò yí padà: ibi tí ògiri bá parí sí ni yóò ti bẹ̀rẹ̀ oúnjẹ. Àwọn ará Òkun Àlfà, tí a tún ń pè ní Alpha Beach, ní ilé àwọn ń lọ lójú àwọn, títì lọ, òpó iná lọ. Wọ́n ní Eko Atlantic ni. Àwọn tó ń kọ́ ọ ní kì í ṣe àwọn. Ẹjọ́ náà kò yé mi tó bí ó ti yé iyanrìn, ẹ sì ti gbọ́ ẹ̀rí iyanrìn.

Lápá ìwọ̀-oòrùn, tí ilẹ̀ ti sanra ńkọ́? Ní oṣù kìíní ọdún 2020, ológun ojú omi dé Tarkwa Bay pẹ̀lú ìbọn. Wọ́n ní àwọn kan ń jí epo fà nínú páìpù. Nǹkan bí èèyàn 4,500 ló di aláìnílé, apẹja, alásè, ọmọ tó ń fi pákó gun ìgbì lẹ́yìn ilé ìwé. Ẹni tó jí epo, ẹni tí kò mọ páìpù rí, wákàtí kan náà ni wọ́n fún gbogbo wọn láti kẹ́rù. Àwọn kan ti ń gbé ibẹ̀ láti ìran bàbá wọn. Wọ́n kó mátírẹ́ẹ̀sì sínú ọkọ̀, wọ́n kó ìkòkò, wọ́n gbé ọmọ lé e, wọ́n sì gba ẹnu ọ̀sà yẹn kọjá, níwájú Beecroft Point.

Ẹnu ọ̀sà Èkó, ojú rẹ ti rí. Òkun kò ṣẹ̀ ọ́, èèyàn ló ṣẹ̀ ọ́.

Kò sì jẹ́ pé wọn kò mọ ohun tí wọn ì bá ṣe. Láti 1960 sí 1968, ẹ̀rọ kan wà lórí East Mole tó ń tú iyanrìn tí wọ́n bá gbẹ́ láti ọ̀nà ọkọ̀ sí etíkun ìlà-oòrùn, ju ìdajì mílíọ̀nù mítà onígun mẹ́ta lọ lọ́dọọdún. Ó ń bá iyanrìn ré odò, nítorí pé a ti fọ́ afárá rẹ̀. Ó ṣe é fún ọdún mẹ́jọ, wọ́n jẹ́ kó dákẹ́. Lórí Odò Tweed ní Ọsirélíà, irú ẹ̀rọ bẹ́ẹ̀ ti ń fa iyanrìn láti ẹ̀gbẹ́ kan ẹnu odò lọ sí ìkejì láti 2001. Ẹ̀yin tí àṣẹ wà lọ́wọ́ yín, ní Alausa àti ní Abuja, iyanrìn Òkun Àlfà wà lẹ́yìn West Mole, ó ti jókòó síbẹ̀ ju ọgọ́rùn-ún ọdún lọ. Ẹ dá ẹ̀rọ yẹn padà.